Ẹ̀bùn Tí Ó Yẹ Òǹkọ̀wé ní Kérésìmesì

Nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, tí ọdún Kérésìmesì sì kù sí dẹ̀dẹ̀, olúkúlùkù a máa rò nínú ara rẹ̀ ohun tí òun yóò fi ta àwọn olùfẹ́ òun lọ́rẹ. Ẹni tí ó ní ọ̀rẹ́ tí í ṣe àgbẹ̀ mọ̀ pé àdá tuntun kò lè ṣàì wúlò fún un. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ jẹ́ aránṣọ mọ̀ pé àlùmọ́gàjí tí ó mú dáadáa yóò dùn mọ́ ọn nínú. Ìyá arúgbó kì í kọ aṣọ òtútù, ọmọdé kì í sì í kọ bàtà. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a fẹ́ fún ní ẹ̀bùn bá jẹ́ òǹkọ̀wé, ọ̀rọ̀ a dojú rú. Mo ti gbọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń béèrè pé, “Kí ni a lè rà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jókòó kí ó máa kọ nǹkan lọ?” Nígbà tí wọn kò bá sì rí ìdáhùn, wọn a ra kálàmù.

Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti ń kọ̀wé ní èdè Yorùbá láti ìgbà èwe mi. Nítorí náà àwọn ojúlùmọ̀ mi mọ̀ mí mọ ìwé kíkọ, ẹ̀bùn tí wọ́n sì ń fún mi ní ọdọọdún kì í yàtọ̀. Ní Kérésìmesì kan láìpẹ́ yìí, mo gba dáyárì méje, kàlẹ́ńdà mẹ́rin, àti kálàmù mọ́kànlá, tí méjì nínú wọn wà nínú àpótí tí a fi aṣọ àrán tẹ́ nínú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ olúkúlùkù àwọn tí ó fún mi, ọpẹ́ náà sì ti inú mi wá, nítorí ẹni tí ó bá mọ inú rò ni ó mọ ọpẹ́ dá. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kálàmù kan ṣoṣo ni mo lò tán. Ọdẹ tí ó ní ìbọn mọ́kànlá tí kò ní ẹ̀tù, ilé ni yóò jókòó sí.

Kì í ṣe pé mo ń tẹ́ḿbẹ́lú ẹ̀bùn ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ yẹ̀ wò ni èyí: kì í ṣe ohun tí ó jọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni ó yẹ kí a fi ta á lọ́rẹ, bí kò ṣe ohun tí yóò mú ìdènà kúrò lójú ọ̀nà iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò sì kéré bí a ti ń rò ó. Ìwé tí a kò kọ parí kì í sunkún kí aládùúgbò gbọ́. Bí ẹni tí ń kọ ìtàn ìlú rẹ̀ bá kú kí ó tó kọ ọ́ dé ìdajì, àwọn ènìyàn rẹ̀ a sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, wọn a pa màlúù, wọn a sì jó. Lẹ́yìn èyí, ọmọ tí kò mọ ohun tí ewé wọ̀nyí jẹ́ a fi wọ́n dáná. Ìlú náà kò ní mọ̀ pé òun pàdánù ohunkóhun.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a ṣe, kí a tó lọ sí ọjà, ni pé kí a lọ wo ibi tí òǹkọ̀wé náà ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó ní tábìlì, tàbí orí ibùsùn ni ó ń jókòó sí, tí ó ń fi itan ara rẹ̀ ṣe tábìlì? Ṣé tábìlì náà jẹ́ tirẹ̀, tàbí òun ni àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé, tí a sì tún ń gbé oúnjẹ lé? Bí iná mànàmáná bá lọ, ṣé ó ní ohun tí yóò tàn, tàbí iṣẹ́ a dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́? Àtùpà tí ń gba agbára lára oòrùn ní ọ̀sán, tí ó sì ń tàn ní òru, kò wọ́n tó kálàmù alápòótí àrán. Ẹni tí ó bá sì fún òǹkọ̀wé ní irú rẹ̀ ti fi wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan fún un.

Bàbá kan wà ní ìjọ wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí ń kọ ìtàn bí àwọn baba rẹ̀ ti tẹ abúlé wọn dó lẹ́yìn ogun. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó a máa fi aṣọ, bàtà àti aago ránṣẹ́ sí i ní ọdọọdún. Bàbá a máa súre fún wọn. Ṣùgbọ́n ó tó ọdún méjì tí ó ti ṣíwọ́ ìwé kíkọ, gbogbo wa sì ń wí pé ọjọ́ ogbó ni, kí a fi bàbá sílẹ̀ kí ó sinmi. Nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wá sí ilé fún Kérésìmesì, ó jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣàkíyèsí pé bàbá ń na ìwé orin jìnnà sí ojú bí ẹni tí ń lé eṣinṣin. Kò sọ nǹkan kan. Bí ọdún ti kọjá ní ọjọ́ kẹta, ó mú un lọ sí ilé ìwòsàn ojú, wọ́n sì fún un ní awò. Owó awò náà kò tó ti aago tí wọ́n rà fún un ní ọdún tí ó ṣáájú. Kí Àjíǹde tó dé, bàbá ti kọ orúkọ ìdílé méje àkọ́kọ́ tí ó tẹ abúlé náà dó, pẹ̀lú ọ̀nà tí olúkúlùkù gbà wá àti ohun tí wọ́n rù lórí. Ọ̀rọ̀ kò tí ì tán nínú bàbá. Ojú ni kò ríran mọ́.

Fún ẹni tí ń kọ̀wé ní èdè tiwa, ohun èlò méjì tún wà tí kò wọ́pọ̀ nínú ẹ̀bùn, tí ó sì ṣe kókó. Èkíní ni ìwé atúmọ̀ èdè. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, àwọn mìíràn ti ṣe é lẹ́yìn rẹ̀: èyí tí ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ̀ ní 1913, àti èyí tí R. C. Abraham ṣe tí ó jáde ní 1958. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ni kò ní ẹyọ kan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń wá ọ̀rọ̀ ní òru tí kò sí ẹni tí ó lè bi. Èkejì ni àmì ohùn. Lóde òní tí ọ̀pọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù kọ̀wé, ẹ óò rí òǹkọ̀wé tí ó mọ èdè dé gbòǹgbò, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó fi àmì sí orí ọ̀rọ̀. Nígbà náà ni òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá igbá tí a fi ń mu ẹ̀kọ ni ó ń sọ, tàbí ìgbà tí ó ti kọjá, tàbí igba nǹkan, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ọmọ tí ó mọ ẹ̀rọ lò, tí ó bá jókòó fún wákàtí kan láti ṣètò bọ́tìnnì Yorùbá sí orí kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀, tí ó sì fi sùúrù kọ́ ọ bí a ti ń lò ó, ti fún un ní ẹ̀bùn tí kò ná an ní kọ́bọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé àwọn ọmọdé, nítorí kì í ṣe gbogbo òǹkọ̀wé ni ó ti mọ̀ pé òǹkọ̀wé ni òun. Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé Crowther wí pé nígbà tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn tí ń kó ẹrú ní 1822, tí a sì mú un dé Freetown, ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí ó lọ sí ilé-ìwé, ó tọrọ eépìnnì lọ́wọ́ ará ìlú rẹ̀ kan, ó sì fi ra ìwé ABD tirẹ̀. Ẹni tí ó fún un ní eépìnnì náà kò lè mọ ohun tí òun ń rà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àlùfáà kan ní abúlé Haworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Patrick Brontë, tí ó ti ìlú Leeds bọ̀ ní oṣù kẹfà 1826, tí ó sì mú àpótí kékeré kan wá fún ọmọkùnrin rẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun onígi méjìlá wà nínú rẹ̀. Àwọn arábìnrin ọmọ náà bá a pín wọn. Wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n dá ìlú sílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn ìwé tín-ín-tìn-ìn-tín tí ọmọ ogun onígi lè gbé dání. Ní 1847, mẹ́ta nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, Charlotte, Emily àti Anne, tẹ ìwé ìtàn jáde, a sì ń ka ìwé wọn títí di òní. Ohun ìṣeré ni bàbá rò pé òun rà. Nítorí náà, bí ọmọ kan nínú ilé yín bá ń dá ìtàn sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ má ṣe fi ohùn líle béèrè ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ ra ìwé tí kò ní nǹkan kan nínú fún un, kí ẹ má sì ṣe tú u wò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ohun èlò, ẹ̀bùn tí ó tẹ̀ lé e ni ààbò. Gbogbo ẹni tí ó fẹ́ràn ìtàn ilẹ̀ wa ni ó ti gbọ́ nípa ìwé ńlá tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ̀ pé díẹ̀ ni ó kù kí a má rí i. Ní 1897 ni ó kọ ọ́ parí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà àti àwọn arọ́kin. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí àwọn òǹtẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọnù sí ọ̀hún. Ní 1901 Johnson kú, kò fi ojú kan ìwé rẹ̀ ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti àwọn ewé àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí ó sì tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Nígbà tí a tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ ojú omi tí ó gbé e bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Jámánì nínú ogun. Ní 1921 ni ìwé náà tó jáde. Dókítà pàápàá sì ti kú ní 1920.

Nígbàkúùgbà tí mo bá mú ìwé náà dání, ohun tí mo ń rò ni pé ẹ̀dà kejì ni ẹ̀bùn tí àlùfáà náà ṣe aláìní. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan bá a da gbogbo rẹ̀ kọ ní 1897, kì bá tí gba ọdún mẹ́rìnlélógún kí iṣẹ́ náà tó dé ọwọ́ wa. Ní ìgbà tiwọn, dídà ìwé kọ jẹ́ iṣẹ́ oṣù púpọ̀. Ní ìgbà tiwa, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Bí òǹkọ̀wé tí ẹ fẹ́ràn bá ń fi ọwọ́ kọ̀wé, ẹ mú fóònù yín, ẹ ya àwòrán ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi wọ́n pamọ́ sí ibi méjì. Bí ó bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́, ẹ bá a dà á sí inú fláàṣì, kí ẹ mú un lọ sí ilé yín. Ẹ ra àpótí onírin tí ikán kò lè jẹ, tí jíjò ilé kò sì lè wọ̀. Àpótí onírin kò lẹ́wà lábẹ́ igi Kérésìmesì, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí ikán fi ọdún kan ṣe sí iṣẹ́ ogún ọdún nínú yàrá ọ̀rẹ́ mi kan, n kò sì fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Wàyí o, mo dé orí ẹ̀bùn tí ó tóbi jù lọ, èyí tí í ṣe àkókò. Nínú gbogbo ẹ̀bùn Kérésìmesì tí mo ti kà nípa rẹ̀, kò sí èyí tí ó jọ mí lójú tó èyí tí a fún obìnrin kan ní ìlú New York ní 1956. Harper Lee ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Alabama ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a bí i sí, ó sì wá sí New York nítorí àtikọ̀wé. Ṣùgbọ́n kí ó lè rí owó ilé àti oúnjẹ, ó gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí ó ti ń bá àwọn èrò ṣètò ìrìn àjò wọn. Iṣẹ́ yìí ni ó ń gba ọ̀sán rẹ̀. Ìwọ̀nba àkókò tí ó bá ṣẹ́ kù ni ó fi ń kọ̀wé. Ó ní tọkọtaya kan ní ọ̀rẹ́, Michael Brown, tí ń kọ orin, àti Joy aya rẹ̀. Àṣà wọn ní Kérésìmesì ni pé àwọn àgbà a máa fi ẹ̀bùn tí owó rẹ̀ kéré bá ara wọn díje, kí a lè mọ ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ jù.

Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì ọdún náà, olúkúlùkù tú ẹ̀bùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n Harper Lee kò rí nǹkan kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n ní kí ó wo ara igi Kérésìmesì. Ó rí àpò lẹ́tà kan láàárín ẹ̀ka igi náà, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ìwé kúkúrú tí ó wà nínú rẹ̀ sọ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kí ó máa kọ ohunkóhun tí ó bá wù ú. Àwọn ni yóò máa bọ́ ọ. Owó kan ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fún wọn ní ọdún náà, wọ́n sì ní ọmọ tí wọ́n ń tọ́. Ó bi wọ́n léèrè bóyá wọn kò rí i pé ewu ni. Ọkọ dá a lóhùn pé kò sí ewu níbẹ̀, ó dá òun lójú. Ìwé tí ó ti inú ẹ̀bùn náà wá, To Kill a Mockingbird, jáde ní 1960, ó sì gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1961.

Ẹ kíyè sí ohun mẹ́ta nínú ìtàn yìí. Wọn kò fún un ní kálàmù. Wọn kò sọ ohun tí yóò kọ fún un. Wọn kò sì dúró kí ó di olókìkí kí wọ́n tó gbà á gbọ́.

Ẹnì kan lè wí pé, “Èmi kò ní owó oṣù méjìlá tí n ó fi bọ́ ara mi, áńbọ̀sì òǹkọ̀wé.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gún iyán nínú ewé, tí a sì se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó yóò yó. Mo mọ obìnrin kan, olùkọ́ bí èmi, tí ó ń kó oríkì àwọn ìdílé ìlú ìyá rẹ̀ jọ. Ìyá arúgbó mẹ́rin péré ni ó kù tí ó mọ oríkì wọ̀nyí délẹ̀. Ó ti gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú fóònù, ṣùgbọ́n ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò tí ì di ìwé. Ohun tí ìyá arúgbó fi ìṣẹ́jú kan kì, ó lè gba wákàtí kan kí a tó kọ ọ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí a sì padà lọ béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro. Obìnrin yìí ní ọkọ, ó ní ọmọ mẹ́rin, ó ní ìyá ọkọ nínú ilé, ó sì ní ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti yẹ̀ wò. Ọdún mẹ́ta kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá mẹ́rin náà kú.

Ní Kérésìmesì ọdún náà, àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí i ní ọwọ́ òfo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ra nǹkan kan fún yín. Láti oṣù tí ń bọ̀ lọ, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, n ó máa wá kó àwọn ọmọ lọ sí ilé mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má fọ aṣọ ní ọjọ́ náà, ẹ má sì lọ sí òde ìnáwó. Ẹ ṣáà máa kọ ìwé yín.” Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe é, àfi ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò dá. Ọkọ obìnrin náà ráhùn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí ó yá, ó kọ́ bí a ti ń se ọbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbẹ̀ jó mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kẹjọ, ìyá arúgbó mìíràn tún kú, ṣùgbọ́n a ti kọ gbogbo tirẹ̀ sílẹ̀ pátá. Kí Kérésìmesì mìíràn tó pé, iṣẹ́ náà parí. A kà á sí etí àwọn ìyá méjì tí ó kù, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn sì ní kí a tún ibi tí oríkì bàbá òun wà kà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀bùn tí ó ṣe èyí kò jáde láti inú ọjà kankan.

Nísinsìnyí, ìkìlọ̀ méjì. Èkíní, ẹ má so okùn mọ́ ẹ̀bùn. Olówó kan nígbà kan rí ra kọ̀ǹpútà fún òǹkọ̀wé kan tí mo mọ̀. Kí oṣù tó parí, ó ti rán ọmọ wá pé kí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé òun, kí ó sì ṣọ́ra kí ó má kọ nípa ilẹ̀ tí òun àti àwọn ará ilé òun ń jà sí. Ọ̀rẹ́ mi dá kọ̀ǹpútà náà padà pẹ̀lú ìkíni. Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọwọ́ òǹkọ̀wé, kí ó pè é ní òwò. Kí ó má pè é ní ẹ̀bùn.

Èkejì, ẹ má pẹ́ jù. Ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ bá ti àlùfáà Ọ̀yọ́ mu wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé àtijọ́, Samuel Johnson, tí ó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó jáde ní 1755. Nígbà tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní 1747, ó kọ ètò iṣẹ́ náà sí ìjòyè kan tí ń jẹ́ Chesterfield, ní ìrètí pé yóò ran òun lọ́wọ́. Fún ọdún méje, ìrànlọ́wọ́ tí ó tó nǹkan kò dé. Nígbà tí iṣẹ́ náà parí tán, ìjòyè náà kọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Johnson kọ lẹ́tà sí i ní oṣù kejì 1755, ó sì fi yé e pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé oore tí kò dé ní ọjọ́ ìyà ti pẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe bíi ti ìjòyè yìí láìmọ̀. Ní ọjọ́ tí a bá ń ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìwé, a ó wọ aṣọ ẹgbẹ́, a ó sì ná owó. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òǹkọ̀wé ń wá owó bébà, a kò sí nílé.

Bí ìwé bá sì ti jáde, ẹ̀bùn kan ṣoṣo ni ó kù, òun ni pé kí a rà á, kí a sì kà á. Kò sí ẹni tí í lọ bá ahunṣọ pé kí ó fún òun ní aṣọ òkè lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí pé òun mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá mú ìwé jáde, gbogbo ojúlùmọ̀ ni yóò máa béèrè pé, “Tèmi ńkọ́?” Ẹ ra tiyín. Bí agbára bá wà, ẹ ra méjì, kí ẹ fi ọ̀kan sí ilé ìkàwé ilé-ìwé tí ó wà nítòsí yín. Lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán, ẹ wá òǹkọ̀wé náà rí, kí ẹ sọ ibi kan fún un tí ó dùn mọ́ yín àti ibi kan tí kò yé yín. “Ìwé yín dára púpọ̀” kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ka ìwé.

Ìyá mi kò mọ ìwé kà. Nígbà tí ìwé mi kejì jáde, àbúrò mi ọkùnrin kò ra nǹkan kan fún mi ní Kérésìmesì. Ní alaalẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, ó ń lọ sí ilé Màmá, ó sì ń ka ìwé náà sí i létí, láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé òpin. Nígbà tí mo lọ kí Màmá ní ọjọ́ ọdún tuntun, ó wò mí títí, ó sì wí pé, “Nítorí èyí ni o kì í fi í sùn lóru? Èmi ti rò pé gbèsè ni o jẹ, mo sì ti ń gbàdúrà sí i.” Mo ti gba ẹ̀bùn púpọ̀ láyé. N kò mọ èyí tí n ó fi wé èyí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá ní òǹkọ̀wé kan nínú ilé, nínú ìjọ, tàbí ní àdúgbò yín, ẹ má kọ́kọ́ lọ sí ilé ìtajà. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ bi í pé, “Kí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ yín tẹ̀ síwájú?” Bí ó bá ní ebi ni, ẹ gbé ìrẹsì lọ, nítorí ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ó bá ní òkùnkùn ni, ẹ gbé àtùpà lọ. Bí ó bá ní ariwo ni, ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹnikẹ́ni kò lò ní ilé yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ra kálàmù náà kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jù ú nù. Ẹ gbé e lọ fún un, kí ẹ sì bá a kó àwọn ọmọ rẹ̀ jáde fún ọ̀sán kan, kí ó lè rí àyè lò ó.